Ẹni Tó Ń Dáhùn fún Ramlah

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Àǹtí Ògúnsànyà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mo yọ wọ́n lẹ́nu gan-an, nítorí rẹ́jísítà. Èmi ni igbákejì ọ̀gá ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa nítòsí àdúgbò Challenge, iṣẹ́ mi sì ni kí iye ọmọ tó wà nínú ìwé bá iye ọmọ tó jókòó mu. Àǹtí ti ń kọ́ kíláàsì kẹta láti ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n dàgbà jù mí lọ dáadáa, nítorí náà n kì í lè pariwo tó bó ṣe ń ṣe mí.

Wọ́n ní òfin kan tí n kò rí nílé-ìwé mìíràn. Bí wọ́n bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tí ọmọ kan kò sí níbẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ dìde dáhùn fún un. Kò gbọ́dọ̀ kàn sọ pé kò wá. Ó gbọ́dọ̀ ti yà nílé ẹni náà nígbà tó ń bọ̀, kó mọ̀ bóyá ibà ló ń ṣe é tàbí aṣọ rẹ̀ ni kò tíì gbẹ. Bí kò bá yà, yóò sọ pé òun kò yà, yóò sì mú iṣẹ́ àmúrelé lọ fún un lẹ́yìn tí a bá jáde. Àwọn òbí kan wá ráhùn pé àwọn kò rán ọmọ wá ṣe wolé-wolé. Àǹtí rẹ́rìn-ín sí wọn, wọn kò yí òfin padà.

Ramlah àti Ṣemílóore ló jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kejì, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì. Ramlah ló máa ń sọ̀rọ̀, Ṣemílóore ló máa ń rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì máa ń dá lẹ́bi. Lóṣù Kejì, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Mánsúrù, bàbá Ramlah, ní ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé. Wọ́n kó lọ lópin ọ̀sẹ̀ kan, wọn kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ajé, tí Àǹtí pe Ramlah, Ṣemílóore dìde.

"Mo yà níbẹ̀, Mà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bàtà ilé-ìwé rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń bọ̀."

Ohun tó sọ nìyẹn lọ́jọ́ kejì, ohun tó sọ nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kò jẹ́ kí wọ́n sinmi mọ́ láàárọ̀, àfi kí òun tètè jáde kí òun lè yà.

Èmi ń bínú ní tèmi. Ọmọ tí kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a máa ń fagi lé orúkọ rẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́, Àǹtí á ní kí n jẹ́ ká fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọdún keje rèé tí Ṣọlápé, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílùú òyìnbó. Tí a bá béèrè rẹ̀, wọ́n á ní ó ń bọ̀ ní Kérésì. Wọ́n ṣì ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ lóṣooṣù. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé àgbàlagbà àti ọmọdé ló ń tan ara wọn jẹ yìí. Ojú ń tì mí báyìí pé mo rò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, èmi fúnra mi mú bírò pupa, mo lọ dúró ti tábìlì Àǹtí. Wọ́n pe Ramlah. Ṣemílóore dìde.

"Mo yà níbẹ̀, Mà. Àwọn mìíràn ti kó síbẹ̀. Ọmọ wọn ló wọ bàtà Ramlah."

Kò sunkún. Ó ní kí Àǹtí fagi lé orúkọ náà, ó sì jókòó sí ìdajì bẹ́ǹṣì tirẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì wà ní ìdajì kejì. Àǹtí gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi rúlà fa ìlà náà kó lè gún. Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìlà yẹn láti oṣù kan, àmọ́ nígbà tí mo rí i, inú mi bà jẹ́.

Nígbà tí àwa olùkọ́ jáde lọ jẹun, ẹnì kan tún béèrè Ṣọlápé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Àǹtí wo oúnjẹ iwájú wọn.

"Kò ní bọ̀," ni wọ́n wí. "Àárò rẹ̀ ń sọ mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ."

Kálukú tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀ títí agogo fi lù.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí kò wá síbi iṣẹ́. Mo ṣí ìwé tí àwọn olùkọ́ fi ń fọwọ́ sí wíwá, mo gbé bírò lé ibi orúkọ wọn. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ọ́fíìsì bóyá wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀kan ní fóònù wọn kò lọ. Òmíràn ní bóyá ó rẹ̀ wọ́n ni. Mo wá béèrè ta ló yà nílé wọn, kò sẹ́ni tó yà. Mo gbé ìwé fún Ọ̀gbẹ́ni Nùrẹ́nì, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, mo wọ takisí Máíkírà kan lọ sílé Àǹtí ní Òkè Àdó.

Àwọn fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn, ojú wọn wú. Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀kùn yàrá Ṣọlápé wà ní ṣíṣí, wọ́n ti ká aṣọ kúrò lórí ibùsùn rẹ̀. Wọ́n béèrè ohun tí mo wá ṣe nígbà tí ilé-ìwé ti wọlé. N kò mọ ìgbà tí mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ kíláàsì kẹta.

"Mo ní kí n yà, Mà," ni mo wí. "Èmi ni mo máa dáhùn fún yín lónìí."