Somoe Nampunda, Obìnrin Tó Ń Fi Èèpo Kaṣú Ṣe Róbà

Láti kékeré ni epo èèpo kaṣú ti ń jẹ ìka Somoe Nampunda. Òun àti ìyá rẹ̀ ló jọ ń pa kóró kaṣú fún àwọn oníṣòwò ní ìlú Newala, epo inú èèpo náà a sì máa bó awọ ọwọ́ wọn bí ẹní bó iṣu sísè. Nígbà tí ìyá kú, Somoe ní òun ò pa kóró fún ẹnikẹ́ni mọ́, èèpo tí wọ́n ń dà nù lòun ó máa kó. Ó sè é títí epo fi jáde, ó da eérú àti èèpo àgbọn tó gún kúnná sí i, ó ń rò ó lórí iná títí ó fi ki, tó ń nà bíi táyà. Àtẹ́lẹ̀ bàtà ló ń fi í ṣe. Bí bàtà bá gbó, oníbàtà á gbé e padà wá, Somoe á gé e wẹ́wẹ́, á yọ́ ọ, á sì tún un dà. Bàbá Chikoma, arúgbó kan tó mọ bàtà rán, ló ń bá a fi okùn sí i.

Mchopa ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bíríkì ló ń sun létí ìlú, èèpo kaṣú kan náà ló sì fi ń dáná. Ọwọ́ rẹ̀ le. Namkuna ìyàwó rẹ̀ kì í jáde kí ojú rẹ̀ má wú. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèpo fún Somoe, Mchopa ránṣẹ́ sí i pé bí kò bá jáwọ́, òun á fi Somoe fúnra rẹ̀ sun bíríkì. Somoe ní kí wọ́n sọ fún un pé igi ò tíì tán nínú igbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà kan, Mchopa mu uraka, ọtí èso kaṣú, yó, ó sì kó ọkùnrin méjì wá síbi iṣẹ́ Somoe, tàwọn ti àdá lọ́wọ́. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan fi ẹ̀yìn àdá lu Bàbá Chikoma lápá, egungun dá, wọ́n gbọ́ ọ lódìkejì ọ̀nà. Ìkejì ń ṣá bàtà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mchopa fúnra rẹ̀ ta ìkòkò nípàá. Epo gbígbóná dà sí Somoe lẹ́sẹ̀, awọ bó kúrò. Bó ti ṣubú, Mchopa dì í nírun mú, ó ń gbá orí rẹ̀ mọ́ ògiri.

"Èèpo ta ni?" ló ń bi í. "Dá mi lóhùn. Èèpo ta ni?"

Ọwọ́ Somoe ba ìgbakọ. Ó bu epo tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò, ó dà á sí i lójú.

"Tìẹ ni," ó ní. "Gbà."

Àwọn méjì tó bá Mchopa wá fẹsẹ̀ fẹ́ẹ. Àwọn obìnrin tó ń pa kóró tú jáde pẹ̀lú igi àti òkúta, wọ́n sì ń lu Mchopa níbi tó ti ń yí nínú eérú títí ọlọ́pàá fi dé.

Adájọ́ dá Somoe sílẹ̀, ó ní ara rẹ̀ ló ń gbà. Ojú kan Mchopa fọ́, èkejì ń rí fìrífìrí. Somoe tiro lọ wò ó ní ọsibítù.

"Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ," ni Mchopa wí.

"Mo ti wò ó. Bó o bá tún wá, èyí tó kù á lọ."

Ṣùgbọ́n Somoe ò tíì jáde tán ní géètì tó fi bì gbogbo ohun tó jẹ.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Namkuna wá bá a ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níṣẹ́." Somoe bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ṣì ń nà án.

"Ó ń gbìyànjú. Kò kàn mọ ibi tí mo dúró sí mọ́ ni."

Bàbá Chikoma, tí apá rẹ̀ ṣì so mọ́ ọrùn, rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Somoe ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀bẹ kan tí wọ́n fi ń gé bàtà gbígbó fún Namkuna, ó sì sún sẹ́yìn kó lè ríbi jókòó.