Sàláńsà Tó Dákẹ́

Ẹnu rẹ̀ wà lára idẹ kékeré tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, òórùn pẹtiróòlù sì gba gbogbo àgbàlá wa ní àdúgbò Aboabo. Kábúrétọ̀ alùpùpù rẹ̀ ló tú sínú abọ́ tánganran. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, òun ló tọ́ mi. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó ń ṣe opó, kò gbọdọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó ní epo tó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀ yóò dì bí oje igi. Alùpùpù yẹn ló fi ń kó aṣọ lọ tà ní àwọn abúlé. Ibẹ̀ la ti ń jẹun.

Kì í fi wáyà yọ ìdọ̀tí inú ihò idẹ náà. Wáyà a máa fẹ ihò lójú, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo bí ọ̀mùtí. Irun ìrù ẹṣin kan ṣoṣo ló ń lò. Á gbé idẹ náà sójú oòrùn, á ní, “Wá wò ó. Ṣé o rí ìmọ́lẹ̀?” Bí mo bá ní mi ò rí i, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àbúrò ọkọ rẹ̀ bá wa. Ó gbá sàláńsà tuntun mọ́ abẹ́ apá, páìpù èéfín gígùn tó ń dán, tí kò ní ohunkóhun nínú tí yóò dín ariwo kù.

“Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ìyàwó wa.”

“Ẹ ṣé, bàbá. Ta lẹ ra páìpù fún?”

“Máṣíìnì ẹ̀gbọ́n mi ni. Eléyìí tí ẹ fi sí i kì í dún. Èmi fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ mi ní Race Course kí n tó kúrò ní Santasi.”

“Kí wọ́n lè tètè sá fún yín?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló yan sàláńsà tó ń rọra mí yẹn. Kí wọ́n tó kí ìrun àsùbáà ló ń jáde, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí láti sọ̀rọ̀ obìnrin tó ń gun alùpùpù.

“Ẹ máa gbé e lọ,” ó ní. “Eléyìí ṣì ń rẹ nínú epo.”

Ọkùnrin náà ti alùpùpù náà jáde láìní kábúrétọ̀. Àwọn obìnrin ojú ọ̀nà ń kí i, “Alhaji, bɔ mmɔden,” ẹ tẹra mọ́ ọn, bí ìgbà tí èèyàn ń gba òṣìṣẹ́ níyànjú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ìborùn.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn àgbà ìdílé wọn wá. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ṣàdúà, wọ́n ní ohun tí òkú bá fi sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló ni ín. Kùránì tí wọ́n ń kà yẹn fi ìpín sílẹ̀ fún opó. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n fò ó. Inú ilé wọn la sì ń gbé.

Ìyá náà fọ kábúrétọ̀ náà tán, ó ń tò ó padà. Mo bu yanrìn sọ́wọ́, mo rọra fi hàn án.

“Dà á nù.”

“Ṣé ẹ̀rù wọn ń bà yín ni?”

“Bí ẹ́ńjìnnì náà bá kú lójú ọ̀nà, wọ́n á ní obìnrin ló tún un ṣe.”

Ó gbé kábúrétọ̀ náà fún wọn. Nígbà tó ṣe opó tán, orí ló fi ń ru aṣọ títí ọrùn rẹ̀ fi tẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ariwo sàláńsà ọkùnrin náà á gba àdúgbò kan. Ìyá náà á fetí sí ẹ́ńjìnnì náà, á ní, “Wáyà ni wọ́n fi ń yọ ọ́.”

Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ ọkùnrin yẹn ti kun alùpùpù náà, wọ́n ń bá a ya fọ́tò. Wọ́n ní bàbá àgbà àwọn ló kọ́ àwọn obìnrin ìdílé ní gígùn rẹ̀. Irọ́ ni, mo sì sọ ọ́ lójú wọn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí òkú sinmi, pé ìyá náà fúnra rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Òótọ́ ni, kò jà. Gbogbo ìbínú tí kò lò ló fi sílẹ̀, èmi ni mo jogún rẹ̀. Kò sí àgbà ìdílé kankan tó tíì wá gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.