Falmata Náà Wà Nígbèkùn

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo lọ, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kò mọ ogun àfi nínú fíìmù ni mo ń kọ èyí sí.

Borno ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń lẹ táyà níbẹ̀. Ní àárọ̀ tí nǹkan dàrú, mo ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ìbọn dún. A rò pé táyà ló bẹ́. Bàbá mi tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Oníbàárà ti dé nìyẹn." Wọ́n jáde lọ wò ó. N kò rí wọn mọ́.

Àwọn oníbọn kó àwa obìnrin wọ inú igbó. Onígbàgbọ́ bíi tèmi wà nínú wa, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ló pọ̀ jù. Ọkà gbígbẹ là ń jẹ, bí a bá rí i. Òùngbẹ burú ju ebi lọ. Àwọn Mùsùlùmí nìkan ni wọ́n ń fún ní omi díẹ̀ nínú bútà fún àlùwàlá. Falmata, ọmọ Kànúrí tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, á fi iyanrìn ṣe àlùwàlá tirẹ̀, á sì da omi náà sí mi lẹ́nu.

"Mu ún kíá," ló máa ń wí ní èdè Hausa. "Iyanrìn kò lè tán láyé."

Ọjọ́ tí wọ́n ká wa mọ́ ọn, wọ́n nà án títí kò fi dìde mọ́. Ọwọ́ wa la fi gbẹ́lẹ̀ fún un.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbà wá, àbúrò bàbá mi mú mi wá sí Ìbàdàn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Mo ń dirun ní Agbowó báyìí. Láìpẹ́ yìí, èmi àti Ìyá Kúdì tí a jọ ń dirun lọ bá wọn ṣe èrò ẹ̀yìn nínú fíìmù kan nípa àwọn tí ogun kó lẹ́rú. Ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí ní ẹ̀yìn àdúgbò Challenge ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìfidánrawò ni ti ọjọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa yà á. Olùdarí wọn wò wá lọ wò wá bọ̀.

"Gbogbo oníhíjáàbù, ẹ bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣọ́ wọn. Ẹ̀yin tó kù, òǹdè ni yín, ẹ jókòó sílẹ̀."

Ìyá Kúdì pariwo: "Ọ̀gá, èmi tí mi ò lè pa adìẹ? Èmi ni kí n máa na ọmọ ọlọ́mọ ní pàṣán?"

"Mọ́mì, ojú yín le dáadáa. Ẹ máa ṣe é!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo sún mọ́ ọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn oníhíjáàbù náà wà nígbèkùn. Àwọn ló pọ̀ jù."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

N kò lè dárúkọ Falmata níwájú ẹ̀rín yẹn.

"Sìsítà, tí mo bá da gbogbo yín pọ̀, báwo làwọn òǹwòran ṣe máa mọ ẹni ibi? Lọ jókòó."

Mo jókòó. Wọ́n fi okùn dè mí pẹ̀lú àwọn yòókù.

Inú bí mi délé. Wọ́n pa Falmata nítorí omi tó fún mi. Àwọn wọ̀nyí tún fẹ́ fi pàṣán lé e lọ́wọ́. Kò ní fọ́tò, kò sí ohun tó fi ojú oórì rẹ̀ hàn. Ohun tí fíìmù bá wí nípa irú rẹ̀ lẹ̀yin ọmọ máa gbà gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yá híjáàbù lọ́wọ́ Ìyá Kúdì. Ìyá náà kò bi mí léèrè ìdí. Wọ́n kàn bá mi fà á gún ni. Nígbà tí olùdarí náà tún pín wa, mo kọjá sáàárín àwọn òǹdè pẹ̀lú híjáàbù náà lórí mi, mo jókòó, mo sì na ọwọ́ méjèèjì fún ẹni tó mú okùn dání.