Eku Tí Ọyẹ́ Pa Tí Oòrùn Jí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba gbogbo oko ìyá ìyá mi, ó ku díẹ̀ kí ẹranko kan lé mi kúrò nílé ìwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Kì í ṣe ẹkùn, kì í ṣe ejò. Eku ni.

Atíkòrí ni ilé wa wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti gba ọlidé báyìí, abà ìyá àgbà ni mò ń sá lọ. Igi obì ńlá kan wà lẹ́yìn abà náà tí ó ní ihò lára, inú ihò yẹn ni àwọn eku kan ń gbé. Orí igi ni wọ́n ń jẹ, orí igi ni wọ́n ń sùn. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ máa ṣú, wọn á yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á máa fi ẹsẹ̀ rọ̀ sábẹ́ ẹ̀ka igi sáré kiri, wọn á máa wá kòkòrò àti ẹyìn jẹ. Àwọ̀ eérú ni wọ́n ní, ìrù wọn kún fún irun bíi ti ọ̀kẹ́rẹ́, dúdú sì yí ojú wọn ká bí ẹni lé tìróò. Eku orí igi ni ìyá àgbà ń pè wọ́n, èmi náà ò mọ orúkọ mìíràn fún wọn.

Lọ́jọ́ kan, tísà wa ní Òkè-Àgbò ní kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa ẹranko tí ó mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pe ewúrẹ́, wọ́n ń pe àgùntàn. Èmi aláròyé dìde, mo ṣàlàyé eku mi láti orí dé ìrù. Mo tún wá fi kún un, bí ìyá àgbà ti sọ fún mi, pé bí ọyẹ́ bá mú un, á kú, bí oòrùn bá ràn, á jí. Yéè! Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tísà ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo rí tí mo ń bù mọ́ ọn, ó sì ránṣẹ́ sí bàbá mi pé mo ti ń kọ́ irọ́ pípa.

Bàbá mi kórìíra irọ́. Kò sì mọ igbó, abẹ́rẹ́ àti òwú ló mọ̀. Ó ní, "N kò ní rán òpùrọ́ nílé ìwé. Bí tísà kò bá fojú rí eku yẹn títí di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, wàá máa já òwú ní ṣọ́ọ̀bù mi." Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí mo fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ.

Mo kó lọ sí abà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rá pálá gun igi, mo sì gbá ìrù ọ̀kan mú. Háà! Awọ ìrù bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, eku bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo bú sẹ́kún. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ní ń fi ìrù mú eku orí igi? Fara balẹ̀. Ọyẹ́ á bá ọ mú un."

Mo ní kí wọ́n kúkú bá mi lọ jẹ́rìí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn kò gbé àwọn dé Òkè-Àgbò mọ́, pé eku fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí mi.

Ọjọ́ Ajé, ooru ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ooru. Títí Ọjọ́bọ̀, mò ń ti abà lọ sílé ìwé, mò ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí ó sin ín ní gbèsè. Àárọ̀ Jímọ̀ ni ọyẹ́ wá já lóòótọ́, ètè mi là. Bí ìyá àgbà ṣe kírun àsùbáà tán, wọ́n ní kí n gun igi. Mo tọwọ́ bọ ihò, mo bá mẹ́rin tí wọ́n ká jọ sínú ewé gbígbẹ. Mo mú ọ̀kan. Ó tutù, ó le, kò mí rárá lójú mi. A tẹ́ ẹ sínú igbá, a dé e.

"Má gbá a mọ́ra o," ni ìyá àgbà wí, "má sì gba inú oòrùn. Bí ó bá gbóná lọ́nà, á jí, ó ti sá lọ nìyẹn."

Abẹ́ igi kòkó ni mo ń tọ̀ dé ilé ìwé, mo na igbá jìnnà sí àyà, apá ń ro mí. Bàbá mi ti wà níbẹ̀, téèpù lọ́rùn. Tísà ṣí igbá. Ó ní, "Òkú eku lo gbé wá?" Kíláàsì tún bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní, "Ó tó. Kó ìwé rẹ, ká lọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sínú oòrùn díẹ̀."

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé e, mò ń mí sí i. Kò sí nǹkan kan. Omijé ti ń bọ́ lójú mi kí n tó gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù lọ́wọ́ mi: kì, kì, kì. Irùngbọ̀n rẹ̀ mì. Ojú onítìróò là. Mo kígbe, "Tísà, ẹ wá wò ó!" Bí tísà ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni eku fò mọ́ ọn láyà, ó gba èjìká rẹ̀, ó gun ògiri, ó di abẹ́ igi àjà, ó ń fi ẹsẹ̀ rọ̀ sáré bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ hó yèè! Tísà ti wà lórí àga.

Ọmọlúàbí ni tísà wa ṣá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní níwájú gbogbo wa pé òun ni òun ṣàṣìṣe. Bàbá mi bọ́ téèpù lọ́rùn, ó wọn èjìká mi níbẹ̀, ó ní yúnífọ́ọ̀mù mi ti kéré, òun yóò rán òmíràn. Ayọ̀ kúkú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lọ́jọ́ náà!

Èmi náà padà di tísà títí mo fi fẹ̀yìntì, n kò sì pe ọmọ kankan ní òpùrọ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ ní kó mú ohun tó sọ wá kí n rí i. Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Búlọ́ọ̀kù ti gba ibi tí kòkó wà. Igi obì yẹn nìkan ni mo ní àwọn tó ń kọ́lé ò gbọdọ̀ gé, wọ́n bínú títí, mo ní kí wọ́n máa bínú.

Ọyẹ́ tó kọjá yìí, ọmọ ọmọ mi tí ń kọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè bá mi débẹ̀. Ó ti wá eku yìí títí, àwòrán rẹ̀ nìkan ló rí nínú fóònù. Mo ní kó tọwọ́ bọ ihò. Ó mú un jáde, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Mámà, ó mà ti kú."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di igi mú. Mo ní, "Má sọ ọ́ nù. Wá jókòó sínú oòrùn."