Onígbàjámọ̀ Tó Lé Ọkọ Ìyàwó Padà

Òṣogbo ni Gbọ́láhàn ti kọ́ṣẹ́ irun gígẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ mú abẹ láìkọ́kọ́ fọwọ́. Nígbà tó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Jeppestown, ní ìsàlẹ̀ gúúsù Áfíríkà, lọ́dún 1990, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé họ́sítẹ̀lì ìtòsí ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga rẹ̀, kí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gbọ́ nípa rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Ó lè máa fá ẹ̀yìn ọrùn ènìyàn kí onítọ̀hún sùn lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lórúkọ jẹ́. Bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, tí òtútù lọ, tí koríko àti igi bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, Gbọ́láhàn á bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Á sín ní mẹ́fà, ní méje, léraléra, ojú á pọ́n, omi á máa já bọ́ nímú. Ta ló fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ojú òun? Àwọn oníbàárà á ní kò ní kó ọ̀fìnkìn ran àwọn, wọ́n á sọdá sọ́dọ̀ Armando, ọmọ Mozambique tó ń gẹrun ní òdìkejì títì.

Oyíndà ìyàwó rẹ̀ ló fi dandan lé e pé kó lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó rí i níbẹ̀ bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣé ara rẹ̀ máa ń gbóná? Rárá. Ṣé eegun ń ro ó? Rárá. Ojú ńkọ́? Ó ń yún un gan-an, imú náà ń yún un. Ó sì máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lọ́dọọdún.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àlẹ́jì ni, pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni ara rẹ̀ ò fẹ́, kò sì lè ran ẹnikẹ́ni.

"Fúlúù yàtọ̀," ló wí. "Láàárín wákàtí díẹ̀, á ti dá ènìyàn dùbúlẹ̀: ibà, orí fífọ́, ikọ́, gbogbo ara á máa roni bí ìgbà tí wọ́n luni. Ọjọ́ tí ìyẹn bá dé, ẹ jìnnà sí ènìyàn."

Gbọ́láhàn gba oògùn rẹ̀, ó sì ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá jókòó. Ó tó ọdún méjì kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ wọ́n létí. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà fúnra wọn ló ń sọ fún ẹni tuntun, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, pé, "Eish, koríko ló ń ṣe é, má bẹ̀rù."

Lọ́jọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹfà ọdún 1995, láàárín òtútù gan-an, ara rẹ̀ dá ṣáṣá nígbà tó jí. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, ó ń gbọ̀n nínú súwẹ́tà méjì. Ọ̀fun ń dùn ún, itan àti ẹ̀yìn ń ro ó, ó ń wúkọ́ gbígbẹ. Ojú kò yún un rárá, bẹ́ẹ̀ ni koríko ìlú ti gbẹ tipẹ́. Ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀: ó gbóná.

Àkókò yẹn gan-an ni Jubril dé, ọmọ Ìwó tó ń ta bàtà, tí wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kejì.

"Bọ̀dá Gbọ́láhàn, ọkọ ìyàwó ti dé o! Ẹ bá mi gẹ̀ ẹ́ kó dán."

Gbọ́láhàn fi aṣọ ìnujú bo imú àti ẹnu. "Dúró síta níbẹ̀, Jubril. Ara mi ò yá."

"Ṣebí koríko yín náà ni? Gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n."

"Koríko kọ́ lèyí. Fúlúù ni. Ṣé ìyá ẹ ti dé láti ilé?"

"Wọ́n ti dé láti ọjọ́ Ajé."

"Àwọn tí ikọ́ semí-semí ń dà láàmú?"

Jubril fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Tí mo bá wúkọ́ sí ẹ lójú lónìí, ìwọ lo máa gbé e lọ bá wọn. Lọ sọ́dọ̀ Armando."

"Armando kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ń rán mi lọ síbẹ̀?"

"Èmi ni. Ọwọ́ rẹ̀ dára."

Láti ọjọ́ tí Gbọ́láhàn ti dé Jeppestown, kò yin Armando lójú oníbàárà rí. Ó dùn ún bó ṣe ń wo Jubril tó ń sọdá. Síbẹ̀, ó fi sípíríìtì nu gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lẹ páálí mọ́ ọn pé àìsàn ń ṣe òun, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nílé wọn ní Troyeville, Oyíndà gbé Láyọ̀, ọmọ wọn, lọ sí yàrá kejì.

"Bàbá Láyọ̀, ẹ ò ní gbé e o, títí ara yín á fi yá."

Ife rẹ̀ wà lọ́tọ̀, abọ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Oyíndà ń ṣí fèrèsé lọ́sàn-án bí òtútù ti wù kó mú tó, ó sì ń fi ọṣẹ fọwọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ibà náà fi fìyà jẹ ẹ́. Láyọ̀ ò kó o, ìyá rẹ̀ náà ò kó o.

Lọ́jọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, Jubril mú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá àgbà náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó wo Gbọ́láhàn láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ lo lé ọmọ mi padà nítorí mi?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Ta ló ń bínú? Mo ti sọ fún gbogbo àwọn tó wá síbi ìgbéyàwó pé ọmọ mi ní onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ ẹ̀. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú ẹ."

Gbọ́láhàn dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀. Nígbà tó dìde, àwọn oníbàárà mẹ́ta ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọn aṣọ tó fi ń bo ọrùn wọn, ó ní kí ẹni àkọ́kọ́ máa bọ̀.