Gígùn àti Sísọ̀kalẹ̀ Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Ọkọ Mi

Ọkọ mi, tó jẹ́ tíṣà, ló kọ́kọ́ ní kẹ̀kẹ́ ológeere ní àdúgbò wa ní Kúdẹtì. Ni àwọn obìnrin bá ń pè mí ní ìyàwó òyìnbó. Wọn ò mọ ohun tí ojú mi ń rí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ọ̀hún.

Irin ibi ẹrù ni mò ń jókòó lé. Kí n tó gùn ún, a ó kọ́kọ́ wá òkúta tí màá gbé ẹsẹ̀ lé, ọkọ mi á di kẹ̀kẹ́ mú, èmi á fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, màá sì ká ìró mọ́ra kí irin má baà fà á ya. Fífò ni mo sì ń fò sọ̀kalẹ̀. Ǹ bá fara dà á, bí kì í bá ṣe ti àgbà tó bá yọ lọ́nà. Ta ló máa jókòó sókè kí àgbà? Ọkọ mi á fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, á dọ̀bálẹ̀, èmi á kúnlẹ̀, wọn á béèrè ilé, wọn á béèrè ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, a tún di ẹni tó ń wá òkúta.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánò, à ń sáré lọ bá a ní téṣàn kí reluwé tó gbéra. Òun ló pọ̀n mí dàgbà. Kánò ìgbà yẹn, ẹni tó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Mo kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ ni.

A sọ̀kalẹ̀ fún baálé kan ní Ọjà'ba. A ò tíì jókòó dáadáa tá a tún fi sọ̀kalẹ̀ fún àfáà àgbà kan. Ẹsẹ̀ la fi gun òkè Màpó. Bá a ṣe wá ń dà gẹ̀rẹ́ níbẹ̀, tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tù mí, ọkọ mi tún fa bíréèkì. Ìyá arúgbó kan ló ń ran òwú lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ! Ìyá yẹn ò tilẹ̀ rí wa.”

“Kí wọ́n lè sọ pé kẹ̀kẹ́ ló ń gùn mí? Sọ̀kalẹ̀, jàre.”

Inú bí mi débi pé omi lé sí mi lójú. A gbọ́ fèrè reluwé kí n tó tún rí òkúta gùn.

“Bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni,” ọkọ mi wí.

Ó ku díẹ̀ ká dé téṣàn nígbà tí bàbá kan tún ń bọ̀ níwájú, agboòrùn lórí. Mi ò dúró de bíréèkì. Mo fi ìbínú bẹ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ gbì, mi ò wojú ẹnikẹ́ni. Ni ọwọ́ kan bá bà mí lórí. Bàbá mi ni.

“Ọ̀nà yín ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń wò títí ọkọ̀ fi gbéra,” ni wọ́n wí. “Kí ló dá yín dúró?”

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Ọkọ mi ṣì dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.