Ẹ̀rọ ìṣirò ọmọ mi ló wà nínú báàgì mi

Ojú ọmọ mi ni mi ò lè wò nírọ̀lẹ́ yìí.

Mo ti padà síléèwé ní Ìkẹjà, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Ọmọbìnrin mi nìkan ló mọ̀. Mi ò fẹ́ kí àwọn ará Agége fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀, mo mú ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ lọ láìsọ fún un. Àṣé òun náà ní ìdánwò.

“Mọ́mì, tíṣà ní kí n kúnlẹ̀ títí ìdánwò fi parí.”

“O ò sọ pé èmi ni mo mú un?”

“Ẹ ṣáà ní kẹ́nikẹ́ni má mọ̀ pé ẹ ń kàwé. Mo ní mo sọ ọ́ nù ni.”

Ẹ̀yin òbí, báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ ọmọ?